Òrùka Kan Péré Ló Kù

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, àmọ́ kí ẹ má tíì yára dáhùn. Èèyàn méjì mú irú ohun ìṣeré kan náà lọ́wọ́: òrùka irin mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ́ mọ́ ọ̀pá irin kan. Wọ́n ní kí oníkálukú yọ gbogbo òrùka náà kúrò. Ti ẹni àkọ́kọ́, òrùka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣì wà lórí ọ̀pá, kò tíì yọ ẹyọ kan. Ti ẹnì kejì, mẹ́jọ ti bọ́, òrùka kan péré ló kù. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló sún mọ́ òpin iṣẹ́ rẹ̀ jù?

Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹnu wa fẹ́ sọ. Àmọ́ tí òrùka tó kù yẹn bá jẹ́ ìkẹsàn-án, èyí tó wà ní ìparí pátápátá, ohun tí ẹnu wa fẹ́ sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ 341 ló kù fún ẹni tí kò tíì yọ nǹkan kan. Fún ẹni tó ku òrùka kan, 511 ni. Kò tiẹ̀ sí ibòmíràn tó jìnnà sí òpin tó ibi tó dúró sí yẹn.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti mọ ohun ìṣeré yìí jù. Jiulianhuan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn òrùka mẹ́sàn-án tó so kọ́ra. Àwọn Faransé ń pè é ní baguenaudier. Girolamo Cardano, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé De Subtilitate ní 1550. Ó wà lára ohun tí mo máa ń pè ní àlọ́ irin: irin méjì tàbí mẹ́ta tó há sínú ara wọn, tí wọ́n ní kéèyàn yà sọ́tọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, láìgé e, láìfi agbára fà á. Ilé iṣẹ́ Hanayama ní Japan tiẹ̀ máa ń fi nọ́ńbà sí tiwọn, láti 1 dé 6, kí ẹni tó ń rà á lè mọ bó ṣe le tó.

Òfin méjì péré ni òrùka mẹ́sàn-án yìí ní. Òrùka àkọ́kọ́, èyí tó wà létí ọ̀pá, ẹ lè yọ ọ́ tàbí kí ẹ dá a padà nígbàkígbà. Àwọn yòókù, kò sí èyí tó lè jáde tàbí kó wọlé, àfi tí òrùka tó wà níwájú rẹ̀ gan-an bá wà lórí ọ̀pá, tí gbogbo àwọn tó ṣáájú ìyẹn sì ti kúrò. Ó tán.

Ẹ jẹ́ ká fi òrùka mẹ́ta péré wò ó. Ẹ yọ àkọ́kọ́. Ẹ yọ ẹ̀kẹta, torí pé èkejì ṣì wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ sì ti kúrò. Ó wá ku èkejì. Àmọ́ èkejì ò ní gbà, àfi tí àkọ́kọ́ bá wà lórí ọ̀pá. Nítorí náà, òrùka tí ẹ ti yọ tẹ́lẹ̀, ẹ ó tún mú un, ẹ ó dá a padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni èkejì á bọ́, àkọ́kọ́ á sì tẹ̀ lé e. Ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ẹni tó bá kọ̀ láti dá àkọ́kọ́ padà, tó ní òun ti jìyà kóun tó yọ ọ́, ibẹ̀ ló máa jókòó sí tílẹ̀ á fi ṣú.

Tó bá jẹ́ èkejì lẹ fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Èkejì á bọ́, àkọ́kọ́ á bọ́, wéré báyìí. Ìgbésẹ̀ méjì, òrùka méjì! Inú yín á dùn. Ẹni tó ń wò yín á pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ̀kẹta ò ní mira rárá. Ìgbésẹ̀ méje ló kù fún yín níbẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré ló kù nígbà tẹ́ ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ló sì ṣeé ṣe: kí ẹ dá àkọ́kọ́ padà.

Ní 1872, Louis Gros, ará Faransé kan, fi hàn pé téèyàn bá kọ ipò àwọn òrùka sílẹ̀ ní oókan àti òdo, á lè mọ ibi tóun wà lójú ọ̀nà àti iye ìgbésẹ̀ tó kù. Ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe tò ló ń sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Iye òrùka tó ti bọ́ ò lè sọ ọ́ fún yín.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: kí la fi ń díwọ̀n ìtẹ̀síwájú èèyàn? Torí àwa tá a wà lájò, kíka òrùka la fi ń ṣeré ṣe. A ń ka ti ara wa, a ń ka ti ẹlòmíràn, àwọn ará ilé náà ń ka tiwa.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn. Ó dé Manchester, ó wá ń wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú, ó sì ń kàwé lálaalẹ́ fún ìdánwò tí yóò sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àwọn ará ilé á ní, "Ṣé torí èyí náà ló ṣe ta mọ́tò?" Lójú wọn, òrùka tó ti bọ́ tipẹ́ ló tún kó padà sórí ọ̀pá. Wọn ò mọ̀ pé òun gan-an ló ń rìn lójú ọ̀nà.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn. Mọ́tò ti wà, ilé ti ń ga sókè n'Íkòròdú, àwòrán fàájì ò sì wọ́n lórí WhatsApp. Ìwé ìgbélùú nìkan ló kù. A ń kí i kú oríire. Àmọ́ ìwé yẹn ni òrùka kẹsàn-án, owó tó yẹ kó fi wá lọ́yà gidi ti di búlọ́ọ̀kù. Ọ̀lẹ kọ́ o. Ó ṣiṣẹ́, ó làágùn. Àwọn òrùka tójú ń rí ló kọ́kọ́ yọ, torí pé àwa la dúró tì í tá à ń kà á.

Yorùbá ní àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Tó bá wá jẹ́ ọmọ tiwa ló tàdí mẹ́yìn, tó fi iṣẹ́ tó ń mówó wọlé sílẹ̀ láti padà síléèwé, òwe á gbéra ńlẹ̀, ariwo á gba ẹnu wa. Sùúrù tá à ń yìn náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ìdúró lásán la ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró ti òrùka mẹ́sàn-án fún ogún ọdún ò ní rí ẹyọ kan tó dá bọ́. Sùúrù tí irin yìí ń béèrè le ju ìdúró lọ: kéèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá ohun tó ti rí gbà padà, lójú gbogbo ayé, kójú má sì tì í.

Ẹnì kan á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọ̀lẹ nínú o. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣubú á ní agbára lòun lọ mú wá." Òótọ́ ni, ó yẹ ká dá a lóhùn. Níbikíbi téèyàn bá dé lórí òrùka yìí, yàtọ̀ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ìgbésẹ̀ méjì péré ló ṣeé gbé. Ọ̀kan á mú un lọ, ìkejì á dá a padà síbi tó ti ń bọ̀. Tó bá gbàgbé èyí tó gbé kẹ́yìn, á máa yọ òrùka kan náà, á máa dá a padà, á rò pé òun ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó ń lọ lè dárúkọ òrùka tó ń wá: "Mo dá àkọ́kọ́ padà torí èkejì." Ẹni tó ń yí po lójú kan ò ní rí nǹkan dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí kò yẹ ká fi pa mọ́. Ẹni tó ra àlọ́ irin ti mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é ló fi ọ̀nà náà síbẹ̀. Ìgbésí ayé ò ní irú ìdánilójú yẹn. Òrùka méjì tí wẹ́dà jó pọ̀ mọ́ra, tí kò ní àlàfo kankan, sùúrù kan ò lè yà wọ́n láéláé. Iṣẹ́ kan wà bẹ́ẹ̀, àjọṣe kan wà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kéèyàn tó fi ọdún mẹ́wàá ṣe sùúrù, kó kọ́kọ́ fọwọ́ wá àlàfo. Kó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gbabẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ eré, bíbéèrè ìdáhùn á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ayé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ohun tó kan àwa tá à ń wòran ló wá wúwo jù lọ́kàn mi. Àṣìkà tá a bá kà ló ń lé àwọn èèyàn wa lọ sídìí òrùka tó rọrùn. Tẹ́ ẹ bá tún pe àbúrò yín tó wà ní Houston tàbí ọmọ yín tó wà ní Toronto, ẹ má bi í pé mélòó ló ti bọ́. Ẹ bi í pé, "Èwo lò ń wá báyìí?" Tó bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ṣàdúrà fún un, kí ẹ sì bá a dá àwọn ará ilé lóhùn. Tí kò bá rí i dárúkọ, ẹ má bínú sí i. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ yẹ irin náà wò.