Ẹ̀gà Olórí Pupa

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó kun ẹyẹ láìlo ọ̀dà. Ẹ̀gà kan ń bẹ nínú igbó, kì í ṣe aláriwo tí ń fa imọ̀ ọ̀pẹ wa ya o. Dúdú ni ara akọ rẹ̀. Orí àti àyà rẹ̀ pupa bí epo. Elgood ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1958, ó sì fi orúkọ Ìbàdàn sọ ọ́. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i láyé, bí igbó sì ti ń tán ni ó ń dínkù. Súrà Al-An'ām, āyà 38, fi yé wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹyẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣán oko tuntun ní Ararọ̀mí-Òwu títí dé Àpòmù, kí ó dá igi etídò sí. Kí á sì gba rọ́bà tí àwọn ọmọ wa fi ń ta ẹyẹ lọ́wọ́ wọn.