Òkun Kì í Bèèrè

Àwa ọmọ Zion Pepe mọ òkun: kì í bèèrè kó tó gbé ilé èèyàn lọ. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947 létíkun Ìlàjẹ kan náà, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sí i.

Síbẹ̀, nígbà tá a fẹ́ ta PS4 wa, a pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ láì bi àbúrò wa. Géèmù bọ́ọ̀lù tó ti ń gbá bọ̀ fún ọdún méjì bá a lọ. Ọmọ bú sẹ́kún. A ní, "Ṣebí géèmù lásán ni?" Àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun!

Fáìlì yẹn kéré lóòótọ́, àmọ́ ọdún méjì ọmọ ló wà nínú ẹ̀. Ta ló fún wa láṣẹ láti pè é ní lásán?

PS4 gbà kéèyàn da fáìlì kọ sórí fláàṣì. PS5 ò gbà bẹ́ẹ̀ fún géèmù tiẹ̀, àmọ́ èèyàn lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ fi pa mọ́ sílé míì, ẹ fi àkáǹtì kan náà ṣí i wò lórí ẹ̀rọ míì, kẹ́ ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín. Òkun nìkan ni kì í bèèrè.