Ọrẹ Nígbà Tí Owó Dín Kù

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n ní Gbaffo, tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Ìrìbọmi Mímọ́, òfin karùn-ún ti Ìjọ Mímọ́ ní kí olúkúlùkù ran Ìjọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ẹ fiyè sí agbára yìí, nítorí àṣẹ ìjọba lè yí i padà ní òru kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, iye sẹ́ẹ̀fà wa dín kù sí ìdajì: fránkì ilẹ̀ Faransé kan, tí à ń fi sẹ́ẹ̀fà 50 rà, di 100. Oògùn òkè òkun wọ́n gógó. Nígbà tí Nàìjíríà sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo kpayo tí zémíjàn wa ń lò gbówó lórí.

Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mú sẹ́ẹ̀fà 100 wá dípò 200 kò ja Ọlọ́run lólè. Owó oúnjẹ ọmọ kì í ṣe owó ọrẹ. Owó orí pẹ̀lú kọ́ (bó tilẹ̀ ń dun ni í san): ti Késárì ni.

Bí owó ìjọ ọdọọdún bá ń dẹ́rù bà ọ́, lọ sọ fún katikísì rẹ. Òfin Ìjọ, nọ́mbà 848, kò gbà kí a tìtorí òṣì fi sákáramẹ́ńtì du ẹnikẹ́ni.