Ta Ni Yóò Di Ọwọ́ Ọ̀gá Mú Nínú Ọkọ̀?



Ará Òkè Ọya ni àwọn ará ilé ń pe gbogbo àwa tí a ń gbé ìhín, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ Odò Ọya fúnra rẹ̀ ju orí afárá Jẹ́bà lọ? A ó wà nínú mọ́tò, a ó yọjú lójú fèrèsé, a ó wo omi, ẹlòmíràn á ṣe bísímíláì, ó parí. Ìtàn ọkọ̀ méjì tí ó gba orí odò yìí kọjá ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti ń dà mí láàmú ọjọ́ ti pẹ́. Bí olórí bá ń ṣi ọ̀nà lójú omi, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ̀, kí ni ojúṣe ọmọ ẹ̀yìn? Ṣé kí ó máa tẹ̀ lé e ni, àbí kí ó sọ̀rọ̀, àbí kí ó kúkú sọ̀ kalẹ̀?

Ọkọ̀ kìn-ín-ní ni ti Mungo Park. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé òun ni ó “rí” Odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tí ó ti ń pẹja níbẹ̀ láti ayébáyé kò lójú. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ní 1805 ó gbéra láti Gambia pẹ̀lú òyìnbó bí 40, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ṣọ́jà. Òjò àti àìsàn pa wọ́n dànù lọ́nà. Nígbà tí wọn yóò fi wọ ọkọ̀ ní Sansanding, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ènìyàn 9 péré ni ó wà nínú ọkọ̀: Park, ọ̀gá ṣọ́jà kan tí ń jẹ́ Martyn, ṣọ́jà mẹ́ta, ẹrú mẹ́ta, àti Amadi Fatouma, ọkùnrin tí wọ́n háyà kí ó máa fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Ìpinnu Park ni pé àwọn kò ní yà sí ìlú kankan bí kò bá di dandan. Wọ́n kó oúnjẹ àti ìbọn sínú ọkọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ wọn, ìbọn ni. Èmi kò ní dá a lẹ́bi tán, nítorí ní 1796, nígbà tí ó kọ́kọ́ wá, wọ́n mú un ní ìgbèkùn fún oṣù mélòó kan, ẹni tí ejò sì ti bù jẹ rí a máa sá fún ekòló. Ṣùgbọ́n odò ní onílẹ̀ bí ìgboro ṣe ní in. Àlejò tí ó bá ń kọjá yóò kí ọba èbúté, yóò fún un ní nǹkan, wọn yóò sì fún un ní ẹni tí ó mọ ibi tí àpáta wà. Ọkọ̀ tí kò bá kí ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ ogun ni lójú àwọn tí ó wà létí omi.

Amadi fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ kan tí ìbọn ti pa ènìyàn púpọ̀, òun di ọwọ́ Martyn mú, òun ní kí àwọn dẹ́kun, pé èyí tí àwọn ti pa ti pọ̀ jù. Inú bí Martyn débi pé ó fẹ́ pa Amadi, Park ni ó là wọ́n. Ẹ dúró díẹ̀ níbi yìí, ẹ̀yin òǹkàwé. Park gba Amadi là, ó ṣeun. Ọ̀rọ̀ tí Amadi sọ gan-an ńkọ́? Ẹni kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè odò nínú ọkọ̀ náà ni ó sọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí ó sì rí gbà nídìí rẹ̀ ni pé wọn kò pa á.

Nígbà tí wọ́n dé Yáwúrì, àdéhùn Amadi parí, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀bùn rán olórí èbúté sí ọba. Olórí náà béèrè bóyá àwọn òyìnbó yóò tún gba ibẹ̀ padà, Park ní rárá. Bí ó ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó kó ẹ̀bùn náà mì, ó lọ sọ fún ọba pé wọ́n kọjá láìfún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ọba de Amadi ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì rán ọmọ ogun ṣíwájú wọn lọ sí Bùsà, níbi tí omi ti ń gba àárín àpáta kọjá bí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni òkúta, ọ̀kọ̀ àti ọfà ti bò wọ́n. Park àti Martyn bẹ́ sómi, wọ́n kú. Ẹrú kan ṣoṣo ni ó yè. Ọdún 1806 nìyẹn. Àwọn ará Bùsà ní tiwọn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn rò pé aṣáájú ogun Fúlàní ni wọ́n, nítorí ìgbà jìháàdì Ṣéù Usman ni. Ìtàn méjèèjì kò ta kora lójú tèmi. Bùsà àtijọ́ yẹn ti wà lábẹ́ adágún Kainji láti 1968.

Ọkọ̀ kejì ni ti Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀, ní 1830. Richard kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton ni, ẹni tí ó kú sí Sókótó ní 1827. Àgbádárìgì ni wọ́n ti gúnlẹ̀, wọ́n kí Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì dé Bùsà. Láàárín Bùsà àti Yáwúrì wọ́n lò tó oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ń kí ọba, tí wọ́n ń dúró de àṣẹ àti ọkọ̀. Ìdúró yẹn sú wọn gan-an. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó máa bá omi lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọjá ibi tí Bẹ́núè ti pàdé Ọya, wọ́n gúnlẹ̀ láti sinmi. Lójijì ni àwọn ará abúlé kan yọ sí wọn pẹ̀lú ọfà, ọ̀kọ̀ àti ìbọn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ju ìbọn wọn sílẹ̀, wọ́n ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ bá baálẹ̀. Baálẹ̀ ti fa ọrun, ó kù díẹ̀ kí ó ta á, ni ọkùnrin kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú. Baálẹ̀ sọ ọrun kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tí ó gbọ́ Haúsá láti túmọ̀, ó hàn pé ó rò pé ọ̀tá láti òdìkejì odò ni wọ́n. Kì í ṣe pé ọ̀nà wọn wá dán láti ibẹ̀ lọ o. Wọ́n kó wọn lẹ́rù ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì mú wọn títí ẹnì kan fi san owó lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n wọ́n dé òkun láàyè ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn.

Ọwọ́ méjì tí wọ́n dì mú yìí ni n kò lè gbàgbé. Ìgboyà kọ́ ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí Park láyà, Martyn náà láyà. Baálẹ̀ yẹn gbà kí wọ́n di ọwọ́ òun mú níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, kò sì sọ pé wọ́n fi àbùkù kan òun. Ọkùnrin tí ó dì í mú náà ti ní láti mọ irú ọ̀gá tí òun ń bá ṣiṣẹ́, nítorí kò sí àyè láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní Amadi dalẹ̀ ní Yáwúrì. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jìyà tirẹ̀. Àwọn ṣọ́jà mẹ́ta yẹn ni mo máa ń rò. Ọjọ́ tí Amadi sọ̀rọ̀, kò sí ibi tí a ti gbọ́ ohùn wọn. Ẹ rántí àpèjúwe tí Ànábì wa ṣe nípa àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ kan, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ lu ìdí ọkọ̀ kí wọ́n lè rí omi bù láìyọ àwọn ti òkè lẹ́nu. Wọn kò gbèrò ibi kankan. Ọwọ́ àwọn ti òkè tí ó rí wọn ni ìgbàlà gbogbo ọkọ̀ wà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2021, ọkọ̀ kan tí ó ń lọ sí Wárà ní ìpínlẹ̀ Kebbi rì. Ó ju 150 ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀; àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kò yẹ kí ó gbà ju 80 lọ. Ní oṣù kẹfà 2023, ti Pátígì ní Kwara tún ṣẹlẹ̀, àwọn tí ń ti ìyàwó bọ̀, ó ju 100 tí ó kú.

Ọdún mélòó kan ṣáájú ti Wárà, èmi náà wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà. Àpò ọkà, ọ̀kadà mẹ́ta, ènìyàn lórí ẹrù. Ìka mẹ́rin ni ó kù kí omi bá etí ọkọ̀. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé àlejò ni mí, àwọn ni wọ́n lomi wọn, àwọn ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta àlùbọ́sà dìde, ó sọ fún awakọ̀ ní Haúsá pé kí ó sọ àpò díẹ̀ kalẹ̀ tàbí kí ó jẹ́ kí òun bọ́ sílẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá gbé àlùbọ́sà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, a sì lọ. A dé láyọ̀. Nígbà tí mo dé ilé, mo fi ìtàn ìyá náà pa ìyàwó mi lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ti Wárà, mo tún rí i ní èbúté, ó jókòó ti ẹrù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i bí a ti ń kí ìyá ẹni nílé. Ó yà á lẹ́nu. Kò rántí mi. Gbogbo àwa tí a jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀kan náà ni a jẹ́ lójú rẹ̀.