Ẹ̀rí: Ọlọ́run Yọ Wá Nínú Ẹ̀sùn Olè

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi dìde láti jẹ́rìí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá tó ń dín dòdò Ìkirè ló ní kí èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣírò owó tí wọ́n ń dá àti èyí tí wọ́n ń yá. Èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ C++ ni a fi kọ ọ́, fáìlì rẹ̀ sì pọ̀. Make, tí Stuart Feldman ṣe ní Bell Labs lọ́dún 1976, ni irinṣẹ́ tí a fi ń kó àwọn fáìlì náà jọ di odidi ètò.

Nígbà tí ọjọ́ ìpín èrè kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ yí iye èlé padà. A tún fáìlì ìṣírò kọ, a ní kí Make kó o jọ, iye àtijọ́ ló ṣì ń gbé jáde. Àwọn ìyá kan ti ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ jẹ owó wọn. Oorun dá lójú mi, mo ké pe Ọlọ́run.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Àbúrò wa kan ní kí a kó gbogbo iṣẹ́ lọ sórí Bazel, irinṣẹ́ irú Make tí Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2015. Ẹ̀gbọ́n wa láti Àpòmù ní dátà tí ìyẹn yóò jẹ ju agbára wa lọ, pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Make ń sọ. Wọ́n rọra ń ka ojú kọ̀ǹpútà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n bá fìka lé èyí: "Clock skew detected", ìyẹn ni pé aago kò bára mu. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti là wá lójú!

Bátìrì kékeré tó ń gbé aago inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa ti kú. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, aago á padà sí ọdún tó ti kọjá. Make kì í wo ohun tó wà nínú fáìlì. Àkókò tí a tọ́wọ́ bọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn ló ń wò. Fáìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ wá di ti àtijọ́ lójú rẹ̀, ó sì fò ó dá.

A pààrọ̀ bátìrì, a tún aago ṣe, a sì fẹnu kò sórí SCons, irinṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀ tí ń yẹ inú fáìlì fúnra rẹ̀ wò. Kò yá tó Make bí iṣẹ́ bá pọ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè tàn án jẹ, kì í sì í béèrè dátà lọ́wọ́ wa lójoojúmọ́. Irinṣẹ́ tó bá ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ mu ló dára jù, orúkọ rẹ̀ ì báà má lókìkí.

Lọ́jọ́ ìpín èrè, kọ́bọ̀ kan kò dín, kọ́bọ̀ kan kò lé. Ìyá alága gbàdúrà fún wa lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí orúkọ wa bàjẹ́ ní Ìkirè, kí ẹ sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n wa tó fara balẹ̀ ka ojú kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ há, tí kò mọ ibi tó ti há, Ọlọ́run yóò fi hàn án.