Ṣé Orí Fóònù Ni A Ti Ń Kọ́ Ìwà Aṣáájú?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń fa àríyànjiyàn nínú ọ̀pọ̀ ilé lóde òní, òun ni a sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀dọ́ yóò wọ yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ki ìyápíìsì bọ etí, yóò sì tẹjú mọ́ fóònù fún odidi wákàtí méjì. Bí bàbá bá bi í pé kí ni ó ń ṣe, yóò ní ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́: bí a ṣe ń ṣe aṣáájú, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, àti bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Bàbá yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ta ni í kọ́ ìwà lórí fóònù?" Ọmọ yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ yóò máa rò ó pé ayé ti kọjá bàbá òun.

Àwa kò fẹ́ dá ọ̀kan láre kí a sì dá èkejì lẹ́bi, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ béèrè jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ fóònù lọ. Irú ìmọ̀ wo ni ìmọ̀ aṣáájú? Ṣé ohun tí ènìyàn lè dá kọ́ kí ó sì mọ̀ ní yàrá ni, àbí ohun tí kò lè jẹ́ ti ènìyàn àfi bí àwọn ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀?

Mẹ́ta ni àwọn ẹ̀kọ́ tí à ń sọ. Ìkínní ni ìdarí: bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ sídìí iṣẹ́, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ náà, àti bí a ṣe ń gba ẹ̀bi nígbà tí ó bá bàjẹ́. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ sísọ: kí ènìyàn mọ ohun tí yóò sọ, ìgbà tí yóò sọ ọ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó panu mọ́. Ìkẹta ni àwọn ìwà kéékèèké tí ń mú kí ìbáṣiṣẹ́pọ̀ rọrùn: kí a fetí sílẹ̀, kí a dé lásìkò, kí a gbé ìbínú mì, kí a lè bá ẹni tí a kò fẹ́ràn ṣiṣẹ́ láìba iṣẹ́ náà jẹ́.

Kò sí èyí tó ṣàjèjì sí Yorùbá nínú wọn. Ní ilé kéwú, àgbà ọmọ kéwú ni í mú àwọn kékeré ka wàláà wọn kí Àáfà tó dé. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí ti télọ̀, ọmọṣẹ́ tó ti pẹ́ ni í kọ́ ẹni tuntun, òun náà sì ni ọ̀gá yóò bi bí irinṣẹ́ bá sọnù. Ní agboolé, ọmọ tí a bá rán lọ sí ilé àna gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pé ogún ọdún, wọn yóò ti fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn ibi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ló ń dín kù. Ọmọ ń jáde nílé ní kùtùkùtù, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dé láti ilé-ìwé. Àwọn ìbátan ti tú ká, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní London. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gba oyè yunifásítì tí ẹnikẹ́ni kò fi iṣẹ́ kan ṣoṣo lé lọ́wọ́ rí, kí wọ́n sì sọ pé, "Ìwọ ni a óò bi." Ẹni tí kò rí ibi kan kọ́ ọ, tí ó wá a lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kí a fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Àǹfààní rẹ̀ kò sì kéré. Kí á tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba ti mọ̀ ní ilẹ̀ yìí pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè fi ilé sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì. Ní ọdún 1983 ni wọ́n dá yunifásítì ẹ̀kọ́ àtòkèèrè sílẹ̀. Wọ́n tì í pa ní 1984, wọ́n sì tún jí i dìde ní 2002. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2004, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Salman Khan, tí ó wà ní Boston, bẹ̀rẹ̀ sí í ran ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní New Orleans lọ́wọ́ nínú ìṣirò. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ó fi ń kọ́ ọ láti òkèèrè. Nígbà tí àwọn ìbátan yòókù gbọ́, àwọn náà ní kí ó kọ́ àwọn. Láti inú oore ẹbí yìí ni Khan Academy ti jáde, tí ẹgbàágbèje ọmọ káàkiri ayé fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2012, àwọn yunifásítì ńláńlá gbé ẹ̀kọ́ tiwọn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa, ẹni tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ pàápàá mọ ìwúlò rẹ̀.

Ẹ wo àwọn tí ó ń ṣe láǹfààní. Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí kò lè fi ọmọ sílẹ̀ lè kọ́ bí a ṣe ń darí ìpàdé nígbà tí ọmọ bá sùn. Ọmọṣẹ́ télọ̀ ní Ìsẹ́yìn lè gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà tí ọmọ olówó ní Èkó ń gbọ́, bí ó bá ti rí owó dátà. Onítìjú tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn márùn-ún lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tẹ́tí sí i, kí ó sì tún un sọ títí yóò fi dán. Kíláàsì wo ni yóò fún un láǹfààní kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn onímọ̀ tí ń jẹ́ Science gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ẹ̀kọ́ tí Yunifásítì Harvard àti ilé-ẹ̀kọ́ MIT fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọdún 2017 sí 2018, nínú 100 ènìyàn tí ó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 3 péré ni ó parí ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó fi owó ara wọn sí i ni ó ṣe dáadáa, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó parí. Ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì retí rẹ̀, ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́ ni yóò dáwọ́ dúró.

Èyí tí a bá parí pàápàá, ìdajì ọ̀nà ni. Ọkùnrin lè ka gbogbo ohun tí a kọ nípa ọ̀pẹ gígùn, kí ó mọ bí a ṣe ń so igbà, kí ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kúrò nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ ni yóò mọ̀ bóyá òun mọ ọ̀pẹ gùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣáájú. Fóònù lè sọ ọ̀nà mẹ́fà tí a fi ń parí ìjà fún wa. Kò lè mú wa jókòó sáàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn, tí àwọn méjèèjì sì ń wojú wa. Olùkọ́ inú fídíò kì í bínú sí wa, kì í ṣì wá gbọ́, kì í pẹ́ dé. Ènìyàn ni í ṣe gbogbo ìyẹn, ènìyàn ni a sì fẹ́ darí.

Èyí kò ní kí a pa íntánẹ́ẹ̀tì tì. Ní ọdún 1905, ọkùnrin kan ní ìlú Bloomington ní Amẹ́ríkà, Ralph Smedley ni orúkọ rẹ̀, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ tàbí bí a ṣe ń darí ìpàdé. Kò kàn jókòó máa kọ́ wọn lẹ́nu. Ó mú kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níwájú ara wọn, kí wọ́n máa gba ipò alága láàárín ara wọn. Ní 1924, ní Santa Ana, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ó di Toastmasters tí a mọ̀ káàkiri ayé. Nínú ìpàdé wọn, ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kan yóò máa ṣọ́ aago, ẹnì kan yóò máa ka iye ìgbà tí ó ń kólòlò tàbí tí ó ń ṣe "ẹn-ẹn", ẹlòmíràn yóò sì sọ fún un ohun tí ó dára àti ohun tí ó kù. Láti ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ń ṣe irú ìpàdé kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn tí ó mọ̀ wá, tí ó sì lè dá wa lóhùn, bá wà níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà yóò di ibi ìdánrawò.

Ìbéèrè tó le jù nìyí. Ẹ wo ọmọ Yahoo tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. Ó ní sùúrù. Ó mọ bí a ṣe ń fetí sí opó kan tó dá wà lókè-òkun títí yóò fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, ó ń darí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Gbogbo ọgbọ́n tí a ń yìn láti òkè wá ni ó ní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sì ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kí wá ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára aṣáájú rere?

Ní tiwa, ìjíhìn ni. Oníjìbìtì fi ojú ara rẹ̀ pamọ́ kí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e má baà rí i bi. Aṣáájú ni ẹni tí ó dúró síbi tí àwọn tí ó ń darí ti lè rí i, tí wọ́n sì lè sọ pé, "Owó wa dà? Àdéhùn wa ńkọ́?" Ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ kò tíì di ìwà títí tí ẹni tó ni ín yóò fi gbà kí a bi òun léèrè. Èyí ni ìwé ẹ̀rí kankan kò lè fún ọmọ. Àwọn ènìyàn ni í fún un, nípa fífi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn àgbà. A máa ń sọ ọ́ pé ọ̀dọ́ ni aṣáájú ọ̀la, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpàdé, iṣẹ́ ọ̀dọ́ kò ju kí ó to àga, kí ó pín omi, kí ó sì gbé gbohùngbohùn fún ẹlòmíràn. Ìgbà wo ni ọ̀la náà yóò wá dé? Ní ọdún 632, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi Usama ọmọ Zayd ṣe ọ̀gá ọmọ-ogun, ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ. Àwọn àgbà wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì kùn sí i. Lẹ́yìn tí Ànábì jáde láyé, Abubakar tí ó di kálífà kò yọ ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn sin ín jáde nígbà tí ọ̀dọ́ náà wà lórí ẹṣin, ó sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó jẹ́ kí Umar dúró ti òun ní Mẹ̀dínà. Ó lè pàṣẹ, ṣùgbọ́n ó tọrọ. Ìyẹn fi han gbogbo ọmọ-ogun pé ipò ọ̀dọ́ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní ọdún 1954, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀. Lateef Adegbite, ọmọ ilé-ìwé King's College nígbà náà, ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà nígbẹ̀yìn. Kò dúró di ìgbà tí ó dàgbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aṣáájú.

Kí ni kí á wá ṣe? Ìkínní, kí ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá iṣẹ́ kan tí yóò fi dán an wò láàárín oṣù náà. Bí ó bá kọ́ ìdarí ìpàdé, kí ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún un ní ìpàdé kan darí. Bí ó bá kọ́ ìṣirò owó, kí ó ṣe àkọsílẹ̀ oúnjẹ ìṣínu nínú oṣù Ramadan, kí ó sì ka á sétí gbogbo ènìyàn. Bí ó bá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí WhatsApp ẹbí: kí ó má fi ìròyìn tí kò dá a lójú ránṣẹ́, kí ó má sì fi èébú dá èébú lóhùn. Ẹyin lohùn, ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ kò ṣeé kó mọ́.

Ìkejì, kí òbí má ṣe béèrè ìwé ẹ̀rí nìkan. Kí ó béèrè pé, "Ta ni o ti lò ó fún?" Kí ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí, kí ó sì gbọ́ ọ parí.

Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ fún ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tí ó lè bàjẹ́. Iṣẹ́ tí kò lè bàjẹ́ kò lè kọ́ ènìyàn ní ìjíhìn. Bí ó bá ṣubú díẹ̀, kí àgbà gbé e dìde, kí ó má sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọ̀dọ́ lè wá ìmọ̀ rí níbi tí ọwọ́ àgbà kò dé, àgbà ni ó sì ní àwùjọ tí ìmọ̀ náà yóò ti di ìwà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe àwọn ẹlòmíràn lóore, kí Ó sì fún àwa àgbà ní ọkàn tí yóò gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Àmín.