Àmáánà Ojú Irin: Ta Ni Yóò San Owó Àtúnṣe Tí A Sún Síwájú?



Ojú irin méjì ló ti gba Àgbàdo wa kọjá. Èyí àkọ́kọ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901. Èkejì, tó fẹ̀ jù ú lọ, ni wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Orí èyí tó fẹ̀ yìí ni ọkọ̀ Red Line ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbàdo dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ní oṣù kẹwàá 2024.

Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa náwó sórí ohun tí kò tíì bàjẹ́, nígbà tí aláìsàn ń wá oògùn, tí owó ọkọ̀ sì ń ni òṣìṣẹ́ lára?

Ẹni tó bá ní kò tọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ìnákúnàá kò dára. Bí a bá ń pààrọ̀ irin tó ṣì lágbára, owó tíkẹ́ẹ̀tì yóò gbówó lórí, aláàárù yóò sì padà sínú dánfó. Ó di dandan kí a fi ìnáwó wé àǹfààní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ojú irin ṣe ń bàjẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń jẹ́ kí omi ṣàn lọ, òun náà ló ń di pákó tàbí kọnkéré tí irin sùn lé mú. Bí gọ́tà bá dí lásìkò òjò, ẹrẹ̀ a wọ àárín òkúta, ibẹ̀ a sì rì díẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ yóò máa gbá a mọ́lẹ̀, ihò náà yóò máa jìn sí i, yóò sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ lè ṣe tán lóru ọjọ́ kan yóò wá di èyí tí a ó torí rẹ̀ ti ọ̀nà pa. (Ta ló sì ń da pàǹtí sínú gọ́tà yẹn? Àwa náà ni.)

Nítorí náà, owó tí a rò pé a fi pamọ́, gbèsè ni. Ojú irin àtijọ́ rí i. Ní 1995, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà ṣe àdéhùn tó ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ láti tún un ṣe. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n ń pa á tì wà lára àwọn tí gbèsè náà já lé lórí.

Gbèsè náà kì í sì í ṣe ti owó nìkan. Ní Hatfield, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, irin fọ́ lábẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2000. Èèyàn 4 kú. Ilé iṣẹ́ Railtrack tó ni ojú irin náà ti mọ̀ pé ó ti sán. Irin tí wọn ìbá fi pààrọ̀ rẹ̀ ti wà, wọn kò tíì fi sí i ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọkọ̀ máa rọra ní ibi tó lé ní 1,000. Kí ọdún kan ó tó pé dáadáa, ilé iṣẹ́ náà ti wó.

Lójú tiwa, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìṣirò lásán, tó di ọ̀rọ̀ àmáánà. Ẹni tó ní kí wọ́n dúró ná kọ́ ló jókòó sínú ọkọ̀ yẹn. Bí owó kò bá sí lóòótọ́, kí wọ́n ní kí awakọ̀ rọra, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún èrò. Ọkọ̀ tó pẹ́ dé sàn ju èyí tó ń sáré lórí ohun tí ọ̀gá mọ̀ tí èrò kò mọ̀.

Bí wọ́n bá wá ní kí a fi díẹ̀ kún owó tíkẹ́ẹ̀tì nítorí òkúta àti gọ́tà ńkọ́? Àwa yóò san án. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìwé ìnáwó hàn wá.